Ihò ọta lára pẹ́pẹ́yẹ onígi: ẹ má tíì dí i o

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra pẹ́pẹ́yẹ onígi mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé bàbá àgbàlagbà kan tó kú, ìtòsí Havre de Grace níbí, 60 dọ́là ni mo san fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ní ihò kéékèèké mọ́kànlá ní ẹ̀gbẹ́, orí ìkejì ń mì, ìkẹta là láti àyà dé ìdí. Ọkọ mi ní kòkòrò ló jẹ eléyìí tó ní ihò, ká má gbé e wọlé. Èmi fẹ́ fi pọ́tì dí i, kí n fi sáńpépà họ ọ́, kí n kùn ún ní péńtì tuntun, kí n fi ta ọ̀gá ọkọ mi lọ́rẹ, torí ọdẹ ni bàbá yẹn, ó sì ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ mi ọdún mẹ́rin náà ti sọ ọ̀kan di ohun ìṣeré, ó ń gbé e sùn. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Dámi, Aberdeen, Maryland."

Ìyá Dámi, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó ra pọ́tì, torí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, kò ṣeé dá padà mọ́. Mo wo fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ léraléra. Ọ̀rọ̀ ihò, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àti ọ̀rọ̀ ọmọ ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọmọ, torí ìyẹn ò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba pẹ́pẹ́yẹ yẹn lọ́wọ́ Dámi lónìí. Péńtì àtijọ́ tí wọ́n fi ń kun nǹkan wọ̀nyí, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ onígi tí àwọn ọdẹ ń tú sójú omi láti fi tan pẹ́pẹ́yẹ ààyè, sábà máa ń ní òjé nínú, ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fòfin de péńtì olójèé fún ilé gbígbé àti ohun ìṣeré ọmọdé, tiyín sì jọ èyí tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn dáadáa. Òjé tún wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn nǹkan wúwo tí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà dojú dé lórí omi, òjé sì lè wà nínú àwọn ihò yẹn náà. Tí Dámi bá ti ń fi í sẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé, àyẹ̀wò kékeré ni. Ìdí kan náà nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ sáńpépà sétí: eruku péńtì yẹn tẹ́ ẹ bá họ ọ́ nínú kíṣìnì, inú ilé náà ló máa wà, gbogbo yín lẹ máa fà á símú.

Ó yá, ihò. Mi ò bá ọkọ yín wí, ẹni tí ikán bá ti jẹ òrùlé ilé bàbá rẹ̀ rí, ojú tó máa fi wo igi tó ní ihò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ikán kì í sábà lu ihò roboto sára igi, inú ló ti ń jẹ ẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ tó máa mọ̀. Kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ igi gbígbẹ ló máa ń lu ihò roboto jáde, etí ihò tiẹ̀ sì máa ń mọ́ bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, á tú ká gbogbo ara igi láìní ètò, tẹ́ ẹ bá gbọn igi náà sórí bébà, lẹ́búlẹ́bú kan tó dà bí èlùbọ́ á jábọ́ látinú rẹ̀. Ẹ wá wo tiyín. Ihò mọ́kànlá, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan, kò sí ẹyọ kan lọ́tùn-ún. Mo fa fọ́tò kẹta yẹn tóbi: etí ihò rún wọ inú, fọ́nrán igi tẹ̀ wọlé, péńtì sì bó yí i ká bí òrùka. Mẹ́jọ wà nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, wọ́n rí roboto, mẹ́ta tó wà lókè níbi tí ẹ̀gbẹ́ ti ń tẹ̀ lọ sẹ́yìn gùn, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jẹ́ ìlà lásán, bíi pé èékánná ló ha á. Nǹkan tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà kan náà, ohun tó máa ṣe sí ara tó rí roboto nìyẹn, á gún ibi tó kọjú sí i, á yọ̀ kọjá níbi tó ti tẹ̀. Ọta ni, Ìyá Dámi. Ọta wẹ́wẹ́, irú tí ìbọn ọdẹ ẹyẹ máa ń tú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọta olójèé No. 4, bíi 135 ló wà nínú ìwọ̀n ọ̀nsì kan, ẹyọ kan ò fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, torí náà mọ́kànlá tó bà á yìí, etí ọta lásán ló kàn án, èyí tó pọ̀ jù lọ síbòmíì.

Ẹ lè máa rò ó pé ta ló máa yìnbọn lu nǹkan tó fi ń ṣọdẹ. Wọ́n pọ̀ o, kì í sì í ṣe àìmọṣẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ onígi yìí, tí òyìnbó ń pè ní decoy, ńṣe ni wọ́n ń tú u sójú omi kí pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tó ń fò kọjá lè rò pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti rí oúnjẹ níbẹ̀, kó rọ̀ wálẹ̀. Ìtòsí yín yẹn, Havre de Grace, ibẹ̀ ni odò Susquehanna ti ń já sí Chesapeake Bay, omi ibẹ̀ ò jìn, Susquehanna Flats ni wọ́n ń pè é, koríko abẹ́ omi tí pẹ́pẹ́yẹ canvasback fẹ́ràn ló kún ibẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní sinkbox, àpótí bíi pósí ni, wọ́n á rì í títí etí rẹ̀ àti ojú omi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọdẹ á nà gbalaja sínú rẹ̀, wọ́n á tú decoy tó lé ní igba yí i ká, tí pẹ́pẹ́yẹ bá ti ń bà, ọdẹ á dìde jókòó, á yìn ín. Ẹ fojú inú wò ó, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ga ju omi lọ, tí pẹ́pẹ́yẹ onígi wà níwájú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, báwo ni ọta ò ṣe ní bà wọ́n? Wọ́n fòfin de sinkbox lọ́dún 1935, ọdún yẹn náà ni wọ́n fòfin de fífi pẹ́pẹ́yẹ ààyè tan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ihò ò tìtorí ẹ̀ dópin, torí ohun tí mo gbà pé ó ń lu decoy jù ni pẹ́pẹ́yẹ tí ọta bà tí ò kú, tó ń lúwẹ̀ẹ́ sá gba àárín àwọn onígi. Ọdẹ tó mọ ohun tó ń ṣe ò ní jẹ́ kó lọ máa jẹ̀rora kú sínú koríko, á yìn ín níbi tó wà lójú omi yẹn, èyí onígi tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á gba tiẹ̀. Ihò mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tiyín, nítòsí ibi tí omi máa ń dé, irú ìyẹn ni mo kà á sí. Mi ò sí níbẹ̀, ọmọdékùnrin kan sì lè jókòó sí etíkun kó máa fi kọ́ ìbọn yíyìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́ ìbọn, ojú àárín ló máa ń wá, kì í ṣe etí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ fi òwú so ó, ẹ jẹ́ kó rọ̀ lẹ́bàá ihò tẹ́ ẹ bá rí i pé ọta ṣì wà nínú rẹ̀. Tó bá fà mọ́ ọn, irin ni, tí ò bá fà, òjé ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Lọ́dún 1991 òfin kárí gbogbo Amẹ́ríkà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọta olójèé yin pẹ́pẹ́yẹ mọ́, torí èyí tó bá jábọ́ sísàlẹ̀ omi, àwọn ẹyẹ ń ṣà á mì bí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń ṣe wọ́n ní májèlé, irin ni ọ̀pọ̀ ọdẹ wá ń lò látìgbà yẹn. Torí náà òjé nínú decoy sábà ń sọ fún wa pé ìbọn yẹn ti dún ṣáájú 1991. Ohun tí òjé àti irin ń ṣe sí igi náà yàtọ̀. Òjé rọ̀, tó bá wọ igi, á pẹlẹbẹ díẹ̀, á jókòó síbẹ̀, á ṣú, kò tún ní da igi láàmú. Irin le, kì í tẹ̀, á fọ́ igi bó ṣe ń wọlé, tí omi bá sì bá a níbẹ̀ á dípẹtà, ìpẹtà yẹn á wú, omi pupa á máa ṣàn jáde sára péńtì. Irin tó ti dípẹtà báyìí nìkan ni ọta tí mo máa ń rò ó bóyá kí n yọ. Ẹ tún gbọn ẹyẹ náà sétí yín jẹ́jẹ́. Tí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré, a jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè fúyẹ́ ni, ọta sì ti wọ inú lọ.

Mo ní nǹkan kan láti sọ fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé igi tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni gbọ́dọ̀ dán, ihò ò gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Mi ò tíì pẹ́ ní Maryland nígbà tí bàbá òyìnbó kan gbé decoy ẹyọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọrùn rẹ̀ ló yẹ̀, kí n bá òun lẹ̀ ẹ́. Mo lẹ ọrùn. Mo tún rí ihò méje ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ẹnu ọ̀bẹ tú ọta inú rẹ̀ jáde, mo fi pọ́tì dí i, mo họ ọ́, mo po péńtì títí tó fi bá ti tẹ́lẹ̀ mu, mi ò gba kọ́bọ̀ lé e, mo ní kó jẹ́ ẹ̀bùn. Nígbà tí bàbá yẹn dé, ó gbé e dání, ó yí i sí òsì, àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà síbi tí ihò yẹn máa ń wà, ó ń fi pa ibẹ̀ lọ, ó ń fi pa á bọ̀, kò bá nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ló yin ìbọn yẹn, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó mú un dání lọ sódò. Kò bínú sí mi. Ó kàn bi mí pé àwọn ọta yẹn dà. Mo ti gbá wọn mọ́ eruku igi, wọ́n ti kó ilẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún, látìgbà yẹn mi ò dí ihò ọta kankan láìjẹ́ pé mo jókòó ti ẹni tó ni ín, kí n bi í léèrè ta ló yìn ín.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, ẹ ò bèèrè, ṣùgbọ́n ó máa dé iwájú. Àwọn kan máa sọ fún yín pé ihò ti bà á jẹ́, kò tó nǹkan kan mọ́, àwọn míì á ní ihò ló ń jẹ́ kó wọ́n. Kò rí bí àwọn méjèèjì ṣe ń sọ ọ́. Tí decoy méjì bá jọra délẹ̀, tí ọ̀kan ò ní àpá rárá, èyí tí ò ní àpá ló máa pa owó jù. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ihò ọta tòótọ́, tí péńtì rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà, máa ń sàn fíìfíì ju èyí tí wọ́n dí ihò rẹ̀ tí wọ́n wá kùn bò lọ. Ẹni tó ń kó wọn jọ ń wá ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ọwọ́ ẹni tó lò ó, péńtì yín sì máa bo ọwọ́ àwọn méjèèjì. Lọ́dún 2007, decoy méjì tí Elmer Crowell ti Massachusetts gbẹ́, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 130 dọ́là ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ìyẹn dá ara yín lóorun o, ti 60 dọ́là yín yìí kì í ṣe irú ẹ̀, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí àwọn olè fi ń fi dírílì lu ihò èké sára decoy tuntun kó lè jọ èyí tó ti lọ sódò. Ihò dírílì máa ń dúró ṣánṣán, ògiri inú rẹ̀ á mọ́, igi inú rẹ̀ á funfun. Tiyín ṣú nínú, ẹ̀gbin ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀, ẹ fi síbẹ̀.

Èyí tí orí rẹ̀ ń mì yẹn, òun nìkan ni mo máa ní kẹ́ ẹ tún ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igi ọ̀tọ̀ ni orí, igi ọ̀tọ̀ ni ara, ìṣó tàbí igi róbótó ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, àwọn ọdẹ sì máa ń di ẹyẹ náà lọ́rùn mú láti gbé e sókè, ọwọ́ tútù, ọkọ̀ ń mì, wọ́n á ká okùn rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á jù ú sórí àwọn yòókù, ọdún lọ ọdún bọ̀. Ìṣó á dípẹtà, ihò rẹ̀ á fẹ̀ sí i, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á já bọ́ lọ́jọ́ kan, àgógó ẹnu rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ fọ́, àgógó tó fọ́ nira ju ihò ọgọ́rùn-ún lọ láti tún ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da super glue síbẹ̀, ẹ má sì kan ìṣó tuntun mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi awọ ẹran sè, tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè tú lọ́jọ́ iwájú, ni mo máa ń lò, torí ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn mi lè mọ̀ ọ́n ju mi lọ. Títí dìgbà yẹn, ẹ máa fi ọwọ́ méjì gbé e látìsàlẹ̀.

Èyí tó là látàyà dé ìdí, kì í ṣe ọta, kì í sì í ṣe ọdẹ, ilé ló là á, àní ó lè jẹ́ ilé yín ló ń là á lọ báyìí. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn, ìbú ló ti ń súnkì, bó sì ṣe ń súnkì ní ìyípo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti etí wọ àárín, ìyẹn ló ń fà á tí ìtì igi odidi fi máa ń sán dé ọkàn rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó ti wà nínú gáráàjì olómi tútù fún ogójì ọdún, tẹ́ ẹ wá gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú ilé ní oṣù January, igi yẹn á gbẹ lójijì, ibi tó ti fẹ́ là tẹ́lẹ̀ á ya. Tẹ́ ẹ bá fi pọ́tì dí i nígbà òtútù, nígbà tó bá di August tí afẹ́fẹ́ Maryland lómi bí ẹni wọ aṣọ tútù, igi á wú padà, á bá pọ́tì níbẹ̀, kò ní ríbi gbà, á tún là síbòmíì. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ kàn gbé e kúrò nídìí ooru àti ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, ẹ má gbé e lọ sí àjà, ẹ má fi epo kankan pa á.

Péńtì tó ti bó lẹ́yìn wọn, tó ti ṣí sílẹ̀ lórí àti lẹ́nu ìrù, ẹ ò darúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n mo rí i. Lílò ni. Nínú àpò, nínú ọkọ̀, ara ọ̀kan ń ha ara ìkejì. Àwọn ọdẹ fúnra wọn máa ń kùn wọ́n bò nígbà tí àkókò ọdẹ bá ń bọ̀, wọn ò bìkítà, iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, torí náà ẹ lè rí péńtì mẹ́ta mẹ́rin lórí ara wọn. Ìyẹn lè mú yín rò pé tiyín náà á kàn jẹ́ ìkarùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n kùn ún láti gbé e padà sódò, ẹ̀yin máa kùn ún láti gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ rántí ère ìbejì tó wà ní mùsíọ́mù níbí, èyí tí ojú àti imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ torí pé ìyá kan ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á, ó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu lójoojúmọ́. Ta ló máa gbé ọ̀bẹ láti tún imú gbẹ́ síbẹ̀? Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbá eruku ara wọn, kò gba omi, kò gba ọṣẹ.

Ní ti ọ̀gá ọkọ yín, èyí oníhò yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fún un, bó ṣe wà. Ọdẹ ni, ó máa mọ ohun tó ń wò kẹ́ ẹ tó lanu. Tẹ́ ẹ bá rò ó pé wọ́n á ní ẹ kó nǹkan tó ti bàjẹ́ wá, ẹ fi ìwé pélébé kan há a, kẹ́ ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rà á àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, pé ẹrù bàbá kan tó gbé ìtòsí Flats ni. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kódà tí ẹnì kan bá fi ìdánilójú sọ ọ́ fún yín. Orúkọ Madison Mitchell lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, olùtọ́jú òkú ni ní Havre de Grace, ó sì gbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ títí orúkọ rẹ̀ fi kárí, ó kú lọ́dún 1993, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ wọn jọra, mi ò lè dá wọn mọ̀ látinú fọ́tò, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Mùsíọ́mù decoy wà níbẹ̀, 1986 ni wọ́n ṣí i, kò jìnnà sí yín, ẹ kó wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé kan kí wọ́n fi ojú rí i, kí wọ́n fi ọwọ́ gbé e.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ dojú wọn dé, ẹ ya fọ́tò ìsàlẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi. Nínú fọ́tò kejì mo rí nǹkan kan lẹ́bàá òjé yẹn tó jọ lẹ́tà méjì tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀, àwọn ọdẹ máa ń tẹ orúkọ ara wọn síbẹ̀ kí tiwọn má baà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Ìkejì lè jẹ́ H tàbí N. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé ní àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yín.